Ọdún tí Àrán Wọ́n

Òwú àràbà ti bo ọmọbìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀ nígbà tí Nùréènì kọ́kọ́ rí i. Ó dúró ti ẹní kan nítòsí ojú irin Agége, ó ń fi ọ̀pá lu òwú kí hóró rẹ̀ lè jáde, òwú sì ń fò sókè, ó ń bà lé e lórí, léjìká, títí kan ìpéǹpéjú. Oòrùn ọ̀sán tàn sí i, gbogbo irun rẹ̀ funfun báláú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá," ni Nùréènì wí, ó sì tẹrí ba.

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, o ò ní kú ikú èwe. Ṣé òwú lẹ wá rà, àbí àdúrà ìyá àgbà lẹ wá gbà?"

Ojú ti Nùréènì débi pé ó gbàgbé iye òwú tó fẹ́ rà.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àga tìmùtìmù ló ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́nà Ìkẹjà. Sìlífátù lorúkọ ọmọbìnrin náà. Làsísì, bàbá rẹ̀ tó ń ta òwú, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun náà. Láti ọjọ́ náà ni òwú kì í ti í tó Nùréènì mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rà á, kí ó lè tún rí ìdí padà wá.

"Bọ̀dá Nùréènì, ṣé ẹ ń jẹ òwú ni?" Sìlífátù bi í lọ́jọ́ kan.

"Àbẹ̀kẹ́," ni Nùréènì dáhùn, nítorí oríkì rẹ̀ ló máa ń fi pè é bó bá fẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín, "bí mo bá rà á tán lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni màá wí fún bàbá rẹ pé mo tún wá ṣe?"

Bàbá Làsísì kò fọ́jú. Ó pe Nùréènì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Mo ti rí ohun tó ń mú ọ wá. Mi ò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń bọ̀ wá síbí, wọ́n sì rí já jẹ. Parí iṣẹ́ kan tí gbogbo ayé lè fojú rí, kí o tó mú àwọn èèyàn rẹ wá."

Kò pẹ́ sígbà náà ni iṣẹ́ ọ̀hún dé. Alàájì Suara, oníṣòwò obì gbàǹja, kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Agége, ó sì ní kí Nùréènì ṣe gbogbo inú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́: àga, tìmùtìmù àti aṣọ ojú fèrèsé, láti pálọ̀ dé àwọn yàrá òkè. Àrán pupa tó ń ti ìlú òyìnbó wá ni Alàájì fọwọ́ sí. Wọ́n dá iye, Alàájì sì san apá kan sílẹ̀. Nùréènì ra igi fún gbogbo iṣẹ́ náà, ó ra àrán tó tó pálọ̀, ó ní òun yóò ra ti yàrá bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ.

Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ló wà, wọ́n fá orí rẹ̀ dé ìdajì, nígbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì kéde pé ìjọba ti fi kún owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí aṣọ òkèèrè. Ìgbà tí onígbàjámọ̀ ní kí ó padà jókòó ni Nùréènì tó mọ̀ pé òun ti dìde dúró.

Ó wọ rélùweè lọ sí Èkó lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Aláṣọ tí Nùréènì máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà dá iye kan lé àrán tí ó mú kí ó mí kanlẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Ìyẹn ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọjà rẹ̀.

"Mi ò tà á. Mò ń wò ó ná," ni ọkùnrin náà wí.

Àwọn kan ní owó náà yóò wálẹ̀ láìpẹ́. Àwọn mìíràn ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ni. Bí Nùréènì bá rà á báyìí tí ó bá wálẹ̀, ó gbé. Bí ó bá dúró tí ó bá tún gòkè, ó gbé náà ni. Ọwọ́ òfo ló fi padà sí Agége.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń sá fún Alàájì. Bí ó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú ọ̀nà, a yà gba ọ̀nà mìíràn. Ó tiẹ̀ ṣíwọ́ lílọ sọ́dọ̀ Bàbá Làsísì, nítorí kò mọ ohun tí òun yóò wí bí wọ́n bá bi í léèrè iṣẹ́.

Nígbà tí Sìlífátù retí rẹ̀ tì, ó wá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó bá òòlù, ayùn àti abẹ́rẹ́ ńlá rẹ̀ nínú àpò, Nùréènì ti so ó lẹ́nu.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Kùmásì. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà níbẹ̀."

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ fún mi?"

Nùréènì kò lè wò ó lójú. "Owó tí Alàájì san ti wọnú igi. Mi ò lè ra aṣọ yàrá, mi ò sì lè dá owó padà. Wọ́n á ní olè ni mí."

"Nùréènì, ìwọ!" Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "O fẹ́ lọ, kí n máa gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́nu àwọn tó ń bú ọ? Mo lè fẹ́ ẹni tí kò lówó. Mi ò lè fẹ́ ẹni tí mi ò mọ ibi tó sá gbà."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Àbẹ̀kẹ́."

"Ó ń ba èmi náà." Omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. "Gbé ẹ̀rù náà dání, kí o lọ bá Alàájì."

Ó lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní àárín pálọ̀ tí kò tíì sí àga kankan níbẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀.

"Ṣebí a ti fohùn ṣọ̀kan!" Alàájì jágbe.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alàájì. Mi ò yí ohùn padà. Agbára mi ni kò ká a mọ́. Àrán tó wà lọ́wọ́ mi tó pálọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Igi àga yàrá wà nílẹ̀, tiyín ni. Bí aṣọ bá wálẹ̀, ẹ pè mí. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ pe ẹni tó bá wù yín."

Alàájì rìn lọ sójú fèrèsé tí kò ní aṣọ. "Ẹni tó fẹ́ bá mi ṣe ilẹ̀ ilé yìí gbowó, ó sì sá lọ," ni ó wí. "Ẹni tó fẹ́ kun ògiri ní àìsàn ń ṣe òun, mo sì rí i tó ń kun ilé ẹlòmíràn ní Ọgbà. Ṣe pálọ̀. Mi ò ní fi kọ́bọ̀ kan kún un."

"Mo dúpẹ́, Alàájì."

"Má dúpẹ́. Inú mi ò dùn."

Nùréènì ṣe pálọ̀ náà bí ẹni pé orí òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ jókòó lé. Sìlífátù ló bá a ki òwú sí gbogbo tìmùtìmù. Èrè tó kù kò tó nǹkan. Wọn kò sì sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, nítorí àwọn méjèèjì mọ̀ pé ilé tó wà ní ìdajì kì í ṣe irú iṣẹ́ tí Bàbá Làsísì wí.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, Alàájì sọ fún Bàbá Làsísì ní mọ́ṣáláṣí pé Nùréènì kò sá lọ bí àwọn yòókù. Bàbá wá wo pálọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ tìmùtìmù kan, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Nùréènì dúró síwájú rẹ̀.

"Yàrá tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n wà bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Ìgbà wo ni wàá ṣe wọ́n?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"O ò mọ̀." Bàbá Làsísì tún un wí, ó rọra ń fọwọ́ pa àrán náà. "Gbogbo àwọn tó ń wá tọrọ Sìlífátù lọ́wọ́ mi ló mọ ọ̀la. Èyí á kọ́lé, tọ̀hún á ra mọ́tò. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ fún mi pé o ò mọ̀ ọ́n." Ó dìde. "Ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Bọ̀lẹ̀kájà kan ló kó àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Àwọn àáfà so yìgì nínú àgbàlá Bàbá Làsísì. Wọ́n jẹ, wọ́n mu níwọ̀nba, wọ́n sì ṣàdúrà tó gùn. Sìlífátù kò gbé ojú sókè àfìgbà tí wọ́n bi í bóyá ó gbà. Ó dáhùn kí wọ́n tó bi í tán, àwọn obìnrin sì fi í rẹ́rìn-ín.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì jókòó sórí ẹní nínú yàrá tí wọ́n háyà, ẹ̀kọ àti àkàrà wà níwájú wọn. Asọ̀rọ̀mágbèsì dún nílé kejì. Ìròyìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ Nùréènì dúró lójú ọ̀nà ẹnu.

"Bí wọ́n bá tún fi kún owó ibodè ńkọ́?"

Sìlífátù sún mọ́ ọn, títí èjìká wọn fi kanra.

"Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ," ni ó wí.