Ìkòkò Tí Kò Mọ̀ Pé Iná Ti Dé

Irin ni wọ́n fi dábùú fèrèsé ilé ìdáná, àárín irin náà sì ni Èéfín ti ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Èéfín kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo aṣọ rẹ̀ ló ń rùn bíi sítóòfù.

"Ṣé ẹran yẹn ò tíì rọ̀ ni?" Ìyá àgbà ké láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

"Àná náà ló ti kù díẹ̀. Eyín méjì tó kù lẹ́nu mi, ṣé ẹran yín fẹ́ bá wọn jà ni?"

Ìyá àgbà kò lè dìde mọ́. Ìyá Èéfín ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́, ilẹ̀ á ṣú kó tó dé. Ọjọ́ tí Èéfín fi sítóòfù sílẹ̀ jáde, díẹ̀ ló kù kí aṣọ ojú fèrèsé gbiná. Látìgbà náà ni sítóòfù ti di wọ́dà, tí òun sì di ẹlẹ́wọ̀n. Ìdánwò àṣekágbá ti dé tán. Ìṣirò kò yé e rárá, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ nìkan ló lè kó o yọ.

Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ pè é. "Wọ́n ní ìkòkò oníná kan wà tó ń rọra se oúnjẹ fúnra rẹ̀. O lè kó ẹran sí i kó o bá tìrẹ lọ. Lọ ra èyí tí owó yìí bá ká. Ìwọ lo máa lò ó, ìwọ ni kó o yàn án. Fara balẹ̀ o, kò sí owó míì lẹ́yìn èyí."

Ní ṣọ́ọ̀bù, ìkòkò méjì péré ni owó náà ká. Ọ̀kan rí bí eérú, ohun yíyí kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀. Ìkejì pupa bí ata tó pọ́n, ó ní bọ́tìnnì, nọ́ńbà rẹ̀ sì ń tàn yanran.

"Jẹ́ kí n bi ọ́," màmá oníṣọ́ọ̀bù sọ. "Ṣé iná máa ń ṣẹ́jú ládùúgbò yín?"

Èéfín kò tíì dáhùn tí ilẹ̀kùn fi ṣí. Ọmọkùnrin kíláàsì wọn tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ìṣirò ló wọlé, ó fẹ́ ra gílóòbù. Èéfín yára gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Ẹ̀rín ọmọkùnrin yìí dùn ju orin lọ, aṣọ rẹ̀ sì máa ń gún régé bí aṣọ ẹni tí iná kì í lọ nílé rẹ̀. Ṣé níwájú rẹ̀ ló máa jẹ́wọ́ pé iná ilé àwọn kì í balẹ̀ rárá?

"Iná tiwa? Kì í ṣẹ́jú rárá, mà."

"Ó dáa nìyẹn. Ká ní ó ń ṣẹ́jú ni, eléyìí tó rí bí eérú ni ǹ bá ní kó o gbé."

"Pupa ni mo fẹ́, mà."

Ọ̀gá Ìṣirò rẹ́rìn-ín. "Ṣé a máa wá rí ẹ ní kíláàsì báyìí?"

"Lọ́la," Èéfín dáhùn. Kò mọ ìgbà tó délé.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó ẹran àti ata sínú ìkòkò, ó bomi sí i, ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì sáré lọ. Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀gá Ìṣirò ló jókòó sí. Ìgbọ̀nwọ́ wọn kanra, ìṣirò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé e bí ìgbà tí òdòdó bá ń là. Lẹ́ẹ̀kan, gílóòbù òkè orí wọn ṣẹ́jú. Kò kà á sí.

Nígbà tó padà délé, ẹran ṣì wà nínú omi tútù, ó ti ń rùn. Òdo nìkan ló ń ṣẹ́jú lójú ìkòkò.

"Kò pẹ́ tó o jáde ni iná lọ, tó tún dé," Ìyá àgbà sọ, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ìkòkò rẹ ké píìn, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo pè ọ́ títí, ọmọ mi. Tíì àárọ̀ nìkan ló wà níkùn mi."

Ìyá rẹ̀ wọlé, ó wo ìkòkò, ó wo ìyá tirẹ̀ tí ebi ń pa. Ó da ẹran nù. "Kíláàsì ti tán. Padà sídìí sítóòfù rẹ."

Bí Èéfín ṣe tún bá ara rẹ̀ lẹ́yìn irin nìyẹn. Ìkòkò pupa ń wò ó látorí pẹpẹ bí ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sì jẹ́wọ́.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Èmi ni mo gbààwẹ̀ nítorí ọkùnrin rẹ! Ẹni tó bo àrùn mọ́ra, kí ni oníṣègùn fẹ́ wò? Gbé ìkòkò yẹn padà, kó o lọ sọ òótọ́."

Àfi bíi pé wọ́n ṣe é sí i: Ọ̀gá Ìṣirò tún wà ní ṣọ́ọ̀bù. Èéfín di ìkòkò náà mú gírígírí. Ilẹ̀kùn ò jìnnà, ó lè yí padà. Ó rántí irin fèrèsé.

"Ẹ má bínú, mà. Irọ́ ni mo pa. Iná wa máa ń ṣẹ́jú, ó sì máa ń lọ lemọ́lemọ́."

Ọ̀gá Ìṣirò bú sẹ́rìn-ín. "Kí lo rò pé mò ń fi gílóòbù ṣe? Bí iná wa bá lọ, tó bá tún dé, ṣe ló máa ń jó wọn! Áyọ́ọ̀nù onírin ni mo fi ń lọ aṣọ mi, èédú ló ń bẹ nínú rẹ̀."

"Mi ò lè ta ohun tí wọ́n ti lò ní tuntun," màmá oníṣọ́ọ̀bù sọ. Orí Èéfín wálẹ̀. Obìnrin náà wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sì gbé ìkòkò tó rí bí eérú jáde, ìdérí rẹ̀ ti sán létí. "Tèmi nìyí. Mo ní jẹnẹrétọ̀, èmi lè lo pupa, ìwọ gba eléyìí. Bí iná bá ṣẹ́jú tó sì dé, ibi tó o yí eléyìí sí náà ló máa bá lọ. Ọmọ mi, ìrànlọ́wọ́ ni mo fẹ́ ṣe tí mo fi bi ọ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò fẹ́ dójú tì ọ́."

Ìyá rẹ̀ gbà kó padà sí kíláàsì, àmọ́ àwọn yòókù ti lọ jìnnà, ó sì ní láti fi omijé lé wọn bá. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, gílóòbù kíláàsì tún ṣẹ́jú. Òun àti Ọ̀gá Ìṣirò wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì padà sídìí ìwé wọn. Nílé, ẹran ń rọ̀ lọ ní tirẹ̀.

Irin ojú fèrèsé kọ́ ló ti Èéfín mọ́lé lọ́sẹ̀ yẹn. Irọ́ kékeré tó pa nítorí ojú ọmọkùnrin ni. Ọ̀dọ́ tó bá ń tijú bí ilé rẹ̀ ṣe rí, ara rẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́.