Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Fágbèmí àti Ìyá Àgbà Tó Kú Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn Ẹdẹ ń mú lọ́jọ́ náà bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́ àjà ilé. Fákúnlé jókòó sábẹ́ igi odán iwájú ilé rẹ̀, ó ń fi epo pupa jẹ iṣu sísun. Iṣu ọ̀hún tóbi tó itan erin, ó sì ti jẹ ẹ́ dé orúnkún.

Ìyá rẹ̀, Ọ̀ṣuntọ́lá, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, jókòó sí ìdí ògiri, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ìyàwó Fákúnlé ń lọ ata. Nígbà náà, rélùwéè ṣì jẹ́ ohun àpéwò ní Ẹdẹ, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ata láìsunkún.

Ni wọ́n bá rí Fágbèmí, àkọ́bí Fákúnlé, tó ń bọ̀ láti ọ̀nà tésàn. Ó ru àpótí irin rẹ̀ sórí.

"Fágbèmí!" Ọ̀ṣunfúnkẹ́ ju ọmọ ọlọ sílẹ̀. "Ṣé wọ́n ti fún yín ní họlidé ni?"

Fágbèmí sọ àpótí kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde.

"Bàbá, wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé. Wọ́n ti dá ìrànlọ́wọ́ tí mo fi ń kàwé dúró. Wọ́n ní mi ò ṣe dáadáa tó."

Iṣu bọ́ lọ́wọ́ Fákúnlé.

"Ta ló ní kí o máa bọ̀?"

"Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, Bàbá."

"Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì wo? Oyè tí mo fi ewé akòko lé ọ lórí! Ta ló ń já akòko kúrò lórí ẹni tó ṣì ń mí?"

Ariwo tó pa lọ́jọ́ náà, àwọn ẹja inú odò Ọ̀ṣun pẹ̀yìn dà, wọ́n gba Òṣogbo lọ. Ògiri méjì lanu. Àkùkọ kan tó fẹ́ kọ gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

Inú bí i lóòótọ́, nítorí ohun tó wà ńlẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kan ní ọ̀nà Ìbàdàn ló gba Fágbèmí wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, kó lè kọ́ṣẹ́ tíṣà. Oúnjẹ ọ̀fẹ́, ibùsùn ọ̀fẹ́, ìwé ọ̀fẹ́. Bí ìrànlọ́wọ́ yìí bá lọ, gbogbo iṣu tó wà láyé kò lè san owó rẹ̀. Oko ni Fágbèmí yóò padà sí, ìwé tó kà yóò sì di ohun tí wọ́n ń fi ń di ẹ̀kọ.

Ọjọ́ tí wọ́n gbà á ni Fákúnlé ti ṣe àṣìṣe rẹ̀. Ó pe gbogbo ẹbí jọ, ó já ewé akòko, ó fi há inú fìlà ọmọ náà, ó ní ó ti joyè Akọ̀wé Ilé. Ní Ẹdẹ, ẹni tó bá sì ti joyè, títí ayé ni. Kò sẹ́ni tí í bi olóyè ní ọdọọdún pé ṣé ó ṣì mọ oyè rẹ̀ jẹ.

Olóyè kò sì gbọdọ̀ ṣàìsí níbi ayẹyẹ. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, wọn á ránṣẹ́ pe Fágbèmí. Bí wọ́n bá ń jẹ iṣu tuntun, wọn á ránṣẹ́ pè é. Bí ewúrẹ́ aládùúgbò bá bí ìbejì, wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ ránṣẹ́. Wọn á gbé e jókòó sórí àga, wọn á ní kó sọ òyìnbó. Fágbèmí á ka ojú ìwé kan nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹṣin ní ìlú òyìnbó, àwọn àgbààgbà á sì máa mi orí bí ẹni pé àwọn ló bí ẹṣin náà.

Ni Fákúnlé bá wọ agbádá, ó mú ọ̀pá. Ó ní òun yóò tọ ojú irin dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun yóò sì ká òrùlé rẹ̀ bí ẹní.

"Bàbá Fágbèmí, ẹ jọ̀ọ́," ni Ọ̀ṣunfúnkẹ́ wí, "ẹ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Tíṣà Jacob ná. Òun ló bá wa tọrọ àyè yẹn."

"Èmi náà ń bọ̀," ni Ìyá Àgbà wí, ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí dànù lára. "Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọ ọmọ mi ṣe fún wọn."

Jacob ni tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà nítòsí tésàn. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn náà ló ti jáde. Kò tíì dìde kí wọn tán tí Fákúnlé fi bẹ̀rẹ̀.

"Tíṣà! Olè làwọn èèyàn rẹ! Bí mo bá fún ọ ní ewúrẹ́, ṣé mo tún máa wá fa okùn rẹ̀ lọ lámọ́dún?"

"Bàbá, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó! Àtijókòó ni wọ́n fi ń rẹ́ wa jẹ!"

"Ẹ dúró nígbà náà, kí ẹ dá mi lóhùn. Ẹ̀yin náà ní ilẹ̀. Bí ẹ bá fún àlejò kan nílẹ̀ pé kó máa dáko níbẹ̀, tó wá sọ ọ́ di igbó, tí kì í yọjú síbẹ̀ mọ́, kí lẹ máa ṣe?"

"Ó tún ń béèrè! Màá gba ilẹ̀ mi kí ojú tó mọ́! Ẹni tó fẹ́ ro ó wà níta tó ń bẹ̀ mí."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, kì í ṣèmi," ni Jacob wí. "Àyè Fágbèmí kì í ṣe oyè, Bàbá. Ilẹ̀ tí wọ́n ní kó máa ro ni. Àwọn ọmọ mìíràn wà níta tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún un."

Fákúnlé fa àga mọ́ra, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n tún sọ fún un.

Ojú Jacob náà ti ń pọ́n. "Ọjọ́ tí wọ́n gbà á, ọ̀gá sọ ọ́, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Mo ní Fágbèmí gbọ́dọ̀ máa yege nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ìdánwò rẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan. Mo ní kò gbọdọ̀ máa pa kíláàsì jẹ. Mo ní iye ọdún tí wọ́n dá fún ẹ̀kọ́ náà ni ìrànlọ́wọ́ wà fún, kò lè máa tún kíláàsì kan ṣe títí tí irùngbọ̀n rẹ̀ á fi funfun. Kí lẹ wí fún mi? Ẹ ní 'A ti gbọ́, Tíṣà, a ti gbọ́.' Ẹ ní kí wọ́n gbẹ́mu wá!"

Ó yíjú sí Fágbèmí. "Ìwọ ńkọ́? Wọn kì í déédéé lé èèyàn. Ṣé wọn ò kìlọ̀ fún ọ?"

"Wọ́n kìlọ̀ fún mi ní sáà tó kọjá, sà. Mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò àti gírámà. Wọ́n ní bí mo bá tún fìdí rẹmi, ó tán."

"Ta lo sọ fún?"

Fágbèmí ń wo ilẹ̀. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, sà. Ojú ń tì mí. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n tún ránṣẹ́ pé kí n wá sílé."

"Báwo lọ̀gá ṣe ń jẹ́ kó o máa wálé ṣáá? Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé òyìnbó yẹn lawọ́ sí ìsinmi. Kí lẹ máa ń sọ fún un?"

Fákúnlé bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé, ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ rà á.

"Bàbá ló máa ń ránṣẹ́," ni Fágbèmí rọra wí. "Wọ́n máa ń ní kí ẹni tó bá wá pè mí sọ pé… pé Ìyá Àgbà kú."

"Ta ló kú?" ni Ìyá Àgbà wí.

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Mo ní ta ló kú, Fákúnlé?"

"Ìyá, ọ̀rọ̀ lásán ni. Òyìnbó kì í jẹ́ kí ọmọ wálé nítorí ìkómọ…"

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo kú?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, Ìyá," ni Fágbèmí wí. "Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, ọ̀gá ní ṣé ìyá àgbà kan náà ni."

Hà! Ìyá Àgbà, tí kò ga ju odó lọ, ga lójijì, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. "Fákúnlé! Èmi tí mo fi ẹ̀yìn yìí pọ̀n ọ́! O pa mí nítorí iṣu tuntun! O pa mí nítorí ìkómọ! Mo ń bẹ láàyè, mo ń fi eyín ara mi jẹ orógbó, ìwọ sì ń sìnkú mi fún òyìnbó! O wá ní wọ́n jà ọ́ lólè. Ìwọ lo jí ìwé ọmọ yìí, o fi ń dá àlejò lára yá!"

Fákúnlé dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Kò bínú sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́. Ara rẹ̀ ló ń bínú sí, ìyẹn sì gbóná ju tàkọ́kọ́ lọ.

"Tíṣà," ló wí láti ilẹ̀, "ṣé ó ti tán náà nìyẹn?"

"Kò tíì tán. Àyè ẹ̀bẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tòótọ́ ni wọ́n ń gbọ́, kì í ṣe ẹkún. Ẹ ó sọ ohun tó fà á tí ọmọ fi fìdí rẹmi, ẹ ó mú ẹlẹ́rìí wá, ẹ ó sì sọ ohun tó máa yàtọ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Bí ẹ bá tún parọ́, ẹ má wulẹ̀ lọ."

"Ẹlẹ́rìí wo la máa mú?"

"Òkú," ni Ìyá Àgbà wí. "Òkú náà ń bọ̀ wá wọ rélùwéè."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí; gbogbo wọn wọ rélùwéè dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì gbọ́ Yorùbá, bó tilẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí Jacob, ó rí Fákúnlé àti Fágbèmí, ó sì rí arúgbó kan tó wé gèlè tó mọ́ tónítóní.

"Màmá yìí ńkọ́?"

"Ọmọ mi, èmi ni òkú," ni Ìyá Àgbà wí. "Àwọn wọ̀nyí ní mo kú. Mo wá sọ fún ọ pé irọ́ ni. Ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀dẹ̀, àwa la kò jẹ́ kó jókòó ti ìwé. Bí o bá tún gbọ́ pé mo kú, má jẹ́ kó wá, àfi bí tíṣà yìí bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí ata rodo. Àmọ́ nígbà tó sọ̀rọ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bá wọn wí bó ṣe tọ́. Ó ní òun yóò dá ìrànlọ́wọ́ Fágbèmí padà fún sáà kan péré. Nínú sáà náà, kò gbọdọ̀ pa kíláàsì kankan jẹ, ó sì gbọ́dọ̀ yege nínú ìṣirò àti gírámà. Bó bá yege, ó ń tẹ̀síwájú. Bí kò bá yege, kí ẹnikẹ́ni má padà wá, ìbáà jẹ́ òkú ìbáà jẹ́ alààyè.

Sáà náà kò tíì dé ìdajì tí Ìyàndá, àbúrò Fákúnlé, fi dé. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Ilé. Àwọn àna mi láti ìlú Awo ń bọ̀ wá gbọ́ òyìnbó."

"Kò sí Akọ̀wé Ilé kankan níbí," ni Fákúnlé jágbe. "Akẹ́kọ̀ọ́ ló wà, ó sì ń kàwé."

"Ṣé ọjọ́ kan péré náà ni? Ṣebí a lè sọ pé Ìyá…"

Kò parí rẹ̀. Ọ̀pá Ìyá Àgbà ti bà á léjìká.

"Mo ti kú tó! Lọ pa ìyá ìyàwó rẹ! Ẹ sì gbọ́ o, gbogbo yín. Bí mo bá wá kú ní tòótọ́, tí Fágbèmí bá wà lẹ́nu ìdánwò, ẹ jẹ́ n dúró dè é. Mi ò ní kánjú."

Wọ́n sọ ọmọ Ìyàndá lórúkọ láìsí òyìnbó. Ọmọ náà sì jẹ́ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Nígbà tí sáà parí, Fákúnlé dúró sí tésàn láti àárọ̀, ọrùn rẹ̀ sì ti nà tó ti ẹyẹ lékeléke. Rélùwéè dé, Fágbèmí sọ̀ kalẹ̀. Fákúnlé kò wo ojú rẹ̀. Orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Kò sí àpótí níbẹ̀.

"Àpótí rẹ dà?"

"Ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, Bàbá. Mo ń padà lọ."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bó ṣe rí nígbà náà ló rí lónìí. Ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ kì í ṣe oyè. Ọjọ́ tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ tó gbẹ́mu wá, ẹ béèrè: máàkì mélòó ló kéré jù tí a gbọ́dọ̀ gbà? Iṣẹ́ mélòó ni a gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀? Ọdún mélòó ni ìrànlọ́wọ́ yìí máa gbà? Ẹ dákun, ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn. Iṣẹ́ tí ẹ bá pa tì láàárín sáà, kíláàsì tí ẹ bá tún ṣe, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kà mọ́ ọn.

Bí wọ́n bá kìlọ̀ fún ọ, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, má fi pamọ́ bíi Fágbèmí. Sọ fún tíṣà rẹ lọ́jọ́ náà, sọ nílé. Bí àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ tòótọ́ bá ṣẹlẹ̀, tètè sọ ọ́, mú ẹ̀rí wá, kí o sì bẹ̀bẹ̀ kí àkókò ẹ̀bẹ̀ tó kọjá.

Ẹ̀yin ará ilé ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù, inú sì ń bí wa sí yín. Ẹ yéé fa ọmọ kúrò nídìí ìwé nítorí àríyá, kí ẹ tún wá máa pariwo olè nígbà tí àyè rẹ̀ bá bọ́. Ìkómọ yóò wáyé láìsí i níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kàwé, kí ẹ sì jẹ́ kí Ìyá Àgbà wà láàyè.