Ẹnu tí Dominic Gbẹ́

Ọmọbìnrin kan ń bá ọmọlangidi sọ̀rọ̀. Bí Dominic ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn. Ó ká ẹsẹ̀ jókòó sílẹ̀ láàárín wáyà àti iná kámẹ́rà, ó gbé ọmọlangidi lé orúnkún, ó ń bi í ní ìbéèrè, ó sì ń fi ohùn tín-ín-rín dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Jùwọ́n, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹ púpurú, àmọ́ mi ò tíì yó."

Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ? Ẹ gbẹ́ imú, ẹ gbẹ́ etí, ẹ wá dí ẹnu ọma mi pa. Kí ló ṣe yín?"

Dominic kò fèsì. Kì í ṣe ìgbéraga o. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ gbólóhùn mẹ́ta lẹ́nu Dominic, ẹ yára kó aṣọ tí ẹ sá sóòrùn wọlé, òjò ń bọ̀.

Ọdún 2016 nìyẹn. Alàgbà Adéjọbí tó ni ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré wa ní Òkìtìpupa ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹ̀ka tẹlifíṣàn sílẹ̀, kó lè máa polówó mọ́tò onígi àti ọmọlangidi tí Dominic ń fi igi rọ́bà gbẹ́. Wọ́n ní kí Olúwaṣìkẹ́mi, tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi láti Àyèká, kó àwọn ọmọdé wá fún ìpolówó náà. Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀gá ló ronú kan ètò tẹlifíṣàn wa. Irọ́ ni. Ìbéèrè Ṣìkẹ́mi yẹn ló bí i.

Ní ọjọ́ kẹta, Dominic gbé Jùwọ́n dé. Ó ti gé àgbọ̀n rẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn, ẹnu ń ṣí, ó ń pa dé.

"Ẹnu ọmọ ti là," Ṣìkẹ́mi wí. "Ó ku ti ẹni tó gbẹ́ ẹ."

Dominic rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ sì bá ọmọbìnrin náà lọ pátápátá.

Ìpolówó di ètò gidi, tí wọ́n ń gbé jáde láti Àkúrẹ́ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Dominic ń gbẹ́, Ṣìkẹ́mi ń fọhùn. Láti Osooro títí dé Ìrẹ̀lẹ̀, àwọn ọmọdé kò béèrè ọmọlangidi lọ́jà mọ́, Jùwọ́n ni wọ́n ń béèrè. Orí mi ń wú bí mo ṣe ń kọ ọ́: ọwọ́ àwa ará ibí ló ṣe é, a kò yá a ní Èkó.

"Olólùfẹ́, fẹnu sọ ìfẹ́ ọ̀hún kí n gbọ́," Ṣìkẹ́mi máa ń wí.

Dominic á na ọmọlangidi tuntun sí i, èyí tó gbẹ́ kòtò ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ṣìkẹ́mi sí lójú.

"Mo ti rí i. Gbígbọ́ ni mo fẹ́."

Nígbà tó tó àkókò, Dominic mú àbúrò bàbá rẹ̀ lọ tọrọ Ṣìkẹ́mi lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Wòlíì Philemon, tó ń ṣe olùṣọ́ ìjọ aláṣọ funfun ní Àyèká. Àbúrò bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí wọn lọ́wọ́ ni Wòlíì dá a dúró.

"Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ni kó sọ̀rọ̀."

Dominic yanu. Òógùn bò ó, ọ̀rọ̀ kò jáde.

"Mo mọ̀," Wòlíì wí. "Ère lẹ́nu, kò lè fọhùn. Ẹni tó ń gbẹ́ ẹ ti dà bíi rẹ̀. Ṣìkẹ́mi kò gbọdọ̀ dé ilé-iṣẹ́ yín mọ́."

Sátidé mẹ́ta kọjá láìsí ètò. Wọ́n ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́ pé bí ìkẹrin bá lọ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ni àwọn máa fún ní àkókò wa. Alàgbà Adéjọbí ní ọmọbìnrin kan wà ní Ìrẹ̀lẹ̀ tí ohùn rẹ̀ dára.

"Rárá, sà," Dominic dáhùn. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ Àyèká.

Kò mú àbúrò bàbá dání. Kò mú Jùwọ́n dání. Ó bá Wòlíì lẹ́yìn ilé níbi tí bàbá náà ti ń ro oko ẹ̀gẹ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ sáàárín ebè.

"Bàbá, ẹ... ẹ ní sùúrù fún mi."

Wòlíì fara ti ọkọ́ rẹ̀, ó dúró.

"Igi yẹn kò lóhùn. Ọmọ yín ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń forí balẹ̀ fún un. Àwọn ọmọdé ń tibẹ̀ mọ ìkíni, wọ́n ń tibẹ̀ mọ ìwé. Uṣẹ́ gidi ni, Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín pé màá fi í sílẹ̀. Mi ò sì ní fi Ṣìkẹ́mi sílẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá lé mi lónìí, màá padà wá lọ́la, màá tún wí i."

Ṣìkẹ́mi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó gbọ́ ọ. Ó ń sunkún.

"Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà níkùn rẹ," Wòlíì wí, "o wá ní kí àbúrò bàbá rẹ bá ọ sọ ọ́?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí, Bàbá."

"Ṣé kò bà ọ́ mọ́?"

"Ó ṣì ń bà mí."

Wòlíì fà á dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò láyà rẹ̀. "Ọkùnrin tí ẹ̀rù ń bà, tó sì sọ tẹnu rẹ̀, mo lè fún un lọ́mọ."

Jùwọ́n fọhùn ní Sátidé kẹrin. Nígbà tó di Oṣù Kejìlá, àwọn méjèèjì dúró níwájú pẹpẹ nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Wòlíì fúnra rẹ̀ ló so wọ́n pọ̀. Ó kọjú sí ọkọ ìyàwó: "Dominic, ǹjẹ́ ìwọ..."

"Mo gbà!"

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, Wòlíì sì ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun béèrè tán.