Rhealyn Fi Ilé-Ìṣọ́ Méjèèjì Tọrẹ

"Ẹ há a sórí kí aago tó lù," ni Dranreb wí. "Ẹ ju ilé-ìṣọ́ sí igun, ọba á jẹ ẹ́. Ayaba á yọ sí i láti ẹ̀gbẹ́, ọba á sá padà. Ayaba á tẹ̀ lé e, ọba há. Ó tán!"

Ẹ̀yìn ilé oúnjẹ ilé-ìwé ni wọ́n kóra jọ sí, ní San Rogelio, ìlú kékeré kan tí oko ìrèké yí ká ní erékùṣù Negros. Òjò ọ̀sán ń rọ̀ lórí páànù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì ń jẹ ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ, wọ́n sì tẹjú mọ́ Dranreb Villaflor, olórí wọn. Ọmọkùnrin náà ga, ó lẹ́nu, ó sì ti ta ṣẹ́ẹ̀sì fún ilé-ìwé náà ní ìdíje ìlú ńlá Bacolod rí.

Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú àwọn tó ń lọ sí Bacolod lọ́dún yìí. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Tíṣà Sumagaysay, bàbá tó ń kọ́ wọn, máa gbé àdììtú ṣẹ́ẹ̀sì kan kọ́ sára ògiri, ẹni tó bá tú u ló ni àyè náà. Àdììtú kan náà ni bàbá yìí sì ti ń lò láti ọdún pípẹ́. Ẹ̀gbọ́n Dranreb, tó ti jáde, ti sọ ìdáhùn rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀.

"Tí gbogbo wa bá kọ ohun kan náà," ni Dranreb ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "Tíṣà ò ní mọ ẹni tó máa mú. Èmi ló máa ní kí n yàn. Ẹ sì mọ̀ pé èmi kì í gbàgbé ẹni tó bá ṣe tèmi."

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ó ti ṣèlérí àyè náà fún bí ẹni mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní kọ̀rọ̀. Jovelyn, ọ̀rẹ́ Rhealyn tímọ́tímọ́, wà lára wọn.

Rhealyn Magbanua fúnra rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fọ abọ́ oúnjẹ rẹ̀ lábẹ́ omi òjò tó ń ṣàn láti orí páànù. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ìrèké, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ṣẹ́ẹ̀sì nílé. Ìdí àwọn tábìlì òkúta tó wà ní gbàgede ìlú ló máa ń dúró sí tó bá jáde ilé-ìwé, á máa wo àwọn àgbà ọkùnrin tó ń ta á, títí ọ̀kan nínú wọn fi ní kó jókòó.

"Rhealyn, ṣé o gbọ́?" ni Dranreb bi í.

"Mo gbọ́. Mi ò kàn ní há a sórí ni."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ fi ojú ara mi wò ó."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọ̀pẹ̀!" ni Dranreb ké. "O lè lajú kalẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ta ló máa wá tú u fún ẹ?"

"Orí tó wà lọ́rùn mi ni, Bọ̀dá Dranreb. Tiyín ńkọ́? Ta lẹ yá a fún?"

Jovelyn fa Rhealyn lọ́wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Rhea, jọ̀ọ́. Kọ ohun tí gbogbo èèyàn ń kọ. Kí lo fẹ́ fi hàn gan-an?"

"Pé mo mọ̀ ọ́n ta."

"Ìgbéraga lèyí."

"Ó dáa, ìgbéraga ni. Mo sì fara mọ́ ọn."

Jovelyn fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Dranreb gbóhùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Tó ò bá bá wa ṣe é, má bá wa jókòó mọ́. Kò sẹ́ni tó máa bá ẹ ta, nílé-ìwé yìí tàbí níta. Àdéhùn ni."

Rhealyn nu abọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì kọjá láàárín wọn. Kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yára.

Nígbà tí wọ́n wọ kíláàsì, Tíṣà Sumagaysay gba fóònù gbogbo wọn, ó sì ṣí aṣọ lójú pátákó ńlá tó wà lára ògiri. "Funfun ló máa sún. Ọba dúdú gbọ́dọ̀ há, kó má ríbi sá sí mọ́. Ẹ kọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Kí àlàyé tó tán, wọ́n ti ń kọ. Rhealyn nìkan ló ń wo òkè.

Ọ̀rọ̀ funfun ti wọ́. Ayaba dúdú ti dé ẹnu ọ̀nà ọba funfun, ìgbésẹ̀ kan péré ló kù kó pa á. Ìyẹn ni pé funfun ò ní àyè kó mí. Gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn ìkọlù tààrà sí ọba dúdú, tí dúdú ò fi ní ráyè ṣe nǹkan mìíràn ju kó gba ẹ̀mí ọba rẹ̀ là. Ilé-ìṣọ́ funfun kan wà ní etí pátákó lọ́wọ́ ọ̀tún, èkejì wà láàárín, ayaba sì wà lẹ́yìn wọn. Lókè, ọmọ-ogun funfun kan ti lọ dúró sítòsí ọba dúdú, ó sì dí ọ̀nà mọ́ ọn.

Ó gbìyànjú ohun tí Dranreb sọ. Ilé-ìṣọ́ lọ sí igun, ọba jẹ ẹ́. Ó yá, ayaba... Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọmọ-ogun funfun mìíràn, kékeré báyìí, dúró sójú ọ̀nà ayaba. Ayaba ò lè kọjá.

Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Jovelyn ti kọ tirẹ̀ tán, ó ti fi ọwọ́ bò ó. Rhealyn fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ Tíṣà ń wò wọ́n. Ó padà sí pátákó. Tí ayaba ò bá lè gba ẹ̀gbẹ́, níbo ló máa gbà? Láti ìsàlẹ̀ ni, gba etí pátákó lọ sókè gbọrangandan. Ṣùgbọ́n ilé-ìṣọ́ kejì jókòó sáàárín ayaba àti etí náà. Kí la máa ṣe sí i?

A máa fún dúdú ní ìyẹn náà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Tíṣà Sumagaysay ka ìwé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ìgbà wo ni ayaba ti ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá gbójú wo pátákó.

"Lọ́dún yìí, mo fi ọmọ-ogun kan kún un. Ọ̀kan péré. Gbogbo yín lẹ mú ayaba fò ó kọjá. Ẹ ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ẹnì kan ṣoṣo ló tú u. Rhealyn."

Dranreb fò dìde. "Tíṣà, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ sọ fún un! Ọmọ yìí ò lè rí i fúnra rẹ̀."

Ojú bàbá náà pọ́n. Kó tó sọ̀rọ̀, Rhealyn ti wà nídìí tábìlì, ó ti ń to ṣẹ́ẹ̀sì bó ṣe wà lára ògiri. "Bọ̀dá Dranreb, ẹ jókòó. Ẹ mú dúdú. Ẹ wá gba ọba yín là."

"Rhealyn," ni Tíṣà wí, "kò pọn dandan."

"Ó pọn dandan, Sà. Wọ́n ní mi ò lè rí i."

Dranreb jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù yí wọn ká. Rhealyn ti ilé-ìṣọ́ àkọ́kọ́ dé igun. "Ṣẹ́ẹ̀kì."

Dranreb jẹ ẹ́. Ilé-ìṣọ́ kejì rọra wá sí etí pátákó. "Ṣẹ́ẹ̀kì." Ọba dúdú sá padà sílé rẹ̀. Rhealyn tún ti ilé-ìṣọ́ náà wọ igun. "Ṣẹ́ẹ̀kì."

"Hàhà! Ó ń pín ilé-ìṣọ́ bí ẹni ń pín súìtì!" Dranreb jẹ ìyẹn náà, ó sì gbé e sókè kí wọ́n rí i. "Méjì! Kí ló kù fún ẹ báyìí?"

"Ọ̀nà," ni Rhealyn wí.

Ayaba funfun sáré láti àárín ìsàlẹ̀ lọ sí igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, nítorí kò sí ohun tó dí i mọ́. "Ṣẹ́ẹ̀kì."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Dranreb. Ó dá ọba rẹ̀ padà, nítorí kò sí ibòmíràn. Rhealyn gbé ayaba lọ sókè, ó gbé e ti ọba dúdú pẹ́kípẹ́kí, ọmọ-ogun funfun sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dáàbò bò ó. Dranreb na ọwọ́, ó fà á padà. Ó tún na ọwọ́. Kò rí ohun tó máa gbé.

"Ọba há," ni Jovelyn sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín èrò.

Tíṣà ò pariwo. Ó ní Dranreb kò ní jẹ́ olórí ẹgbẹ́ mọ́, kò sì ní lọ sí Bacolod. Ó ní kí àwọn yòókù máa wá tú àdììtú tuntun lójoojúmọ́ títí sáà máa fi parí. Ó wá yíjú sí Rhealyn. "Àyè tó kù di tìẹ. Tábìlì ìkẹyìn, níbi tí ẹni tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ṣé, Sà. Ṣùgbọ́n tábìlì kìíní, ti olórí, ti ṣófo báyìí. Mo fẹ́ ta fún un."

"Ìwọ ọmọ yìí!"

"Tí àwọn tó kù nínú ikọ̀ bá nà mí, màá gba tìkẹyìn láìjiyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n nà mí ná."

Bàbá náà wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọ̀sán yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló ta á pẹ̀lú àwọn tó ti wà nínú ikọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó pàdánù sọ́wọ́ ẹnì kan, ó na àwọn yòókù, tábìlì kejì ló bọ́ sí. Jovelyn wá bá a lẹ́yìn náà, ó ń sunkún pé kó dárí ji òun.

"Mo ti dárí jì ẹ́," ni Rhealyn wí. "Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún ní kí o mú ayaba fò, kọ̀ fún wọn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ìdáhùn tí ẹlòmíràn bá fi lé yín lọ́wọ́ lè dùn gan-an títí nǹkan kékeré kan á fi yí padà, kò sì sí bí ẹ ṣe máa mọ̀. Èyí tí ẹ fi orí ara yín wá rí, ẹ lè dúró lé e lórí, ẹ lè fi ta níṣojú ẹnikẹ́ni, bí gbogbo wọn bá tilẹ̀ ń fi yín ṣẹ̀sín.