Kámẹ́rà tí Màmá Felicia Rà

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ojú mi ló ṣe. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ, n kò ní bẹ̀ ẹ́.

Mo kórìíra kámẹ́rà náà kí n tó fọwọ́ kàn án. Irú èyí tí lẹ́ńsì rẹ̀ kò ṣeé yọ ni, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pa. Àwọn tó ń tà á á ní ó ń ya fọ́tò, ó ń ya fídíò, ó ń rí ọ̀nà jíjìn. Àwọn tí kò mọ nǹkan kan á gbé e kọ́rùn, wọ́n á máa yan kiri bí oníròyìn. Èmi Basit, tí mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Ìjerò, n kò lè fi irú rẹ̀ ya ìsọmọlórúkọ ajá.

Màmá Felicia ló rà á, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì ní Ìpótì. Bàbá Francis, ọkọ rẹ̀, lọ sóko kòkó nígbà òjò, kò sì padà. Wọ́n wá a títí. Wọn ò rí àdá, wọn ò rí bàtà. Ẹbí wá ní àwọn máa sin aṣọ rẹ̀ dípò òkú lọ́jọ́ Sátidé. Peter, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń sáré ọ̀rọ̀ náà jù. Oko kòkó yẹn ni kò jẹ́ kó sùn. Mo mọ irú wọn.

Màmá ò gbà. Ó ní bí oòrùn bá ń wọ̀, òun máa ń rí ẹnì kan láti ẹ̀yìnkùlé òun, tó ń dúró nínú oko náà lórí òkè òdìkejì. Ó jìnnà jù, òun ò rí ojú rẹ̀. Ó fẹ́ kí n dán kámẹ́rà náà wò, kí n sọ bóyá ó lè mú ojú èèyàn jáde láti ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọkọ òun ni, kò sẹ́ni tó máa sin aṣọ kankan.

Opó tí kò fẹ́ jẹ́ opó, mo sọ lọ́kàn ara mi. Mo ṣáà lọ.

Ọyẹ́ ti sọ ojú ọ̀run di eérú. Ẹ̀yìnkùlé dákẹ́. Ẹyẹ kan ò ké. Mo gbé kámẹ́rà lé orí odi, mo ya fọ́tò. Igi kòkó, ahéré kan. Mo ya òmíràn. Bákan náà ni.

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, mà."

"Ya fídíò."

"Ibì kan náà ni fọ́tò àti fídíò ń wò, mà."

"Ṣáà yà á."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo fa lẹ́ńsì dé òpin. Àwòrán ń gbọ̀n, ó rí hóró-hóró bíi gààrí. Ẹ̀rín ń pa mí. Ìgbà náà ni mo rí ọkùnrin kan lábẹ́ igi, àdá ní èjìká, ó kọjú sí wa. Mo gbójú sókè, mo fi ojú lásán wo òkè náà. Kò sẹ́nì kan. Mo padà wo ojú kámẹ́rà. Ó wà níbẹ̀.

Kámẹ́rà burúkú, mo ní. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá lẹ́ńsì padà. Bí a bá ń dá a padà, ṣe ló yẹ kí ohun gbogbo máa kéré sí i. Òkè náà kéré. Àwọn igi kéré. Ọkùnrin náà ò kéré. Mo tún dá a padà. Àfonífojì ti hàn báyìí, òrùlé àwọn aládùúgbò ti hàn, ọkùnrin náà ṣì tóbi bó ṣe wà. Ó wá yé mi. Ó ń bọ̀.

Lẹ́ńsì dé ibi tí kò ṣeé dá padà mọ́. Nínú rẹ̀, ọkùnrin náà dúró síwájú mi, ibi tí mo ti lè nawọ́ kàn án. Ewé kòkó lẹ̀ mọ́ èjìká rẹ̀. Mo wo iwájú kámẹ́rà, afẹ́fẹ́ lásán ni. Ẹ̀rù bà mí dé egungun.

Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ mi nílé. Àgbàlagbà ti oko dé, ó dúró síwájú mi. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rò ó.

"Ẹ kú àbọ̀ oko, sà."

Òórùn kòkó tútù gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé dún lẹ́yìn wa. Nínú kámẹ́rà, kò sẹ́nì kan mọ́.

Màmá di ọwọ́ mi mú. "Ta lo kí?"

Mo yíjú wo ilẹ̀kùn náà.

"Basit, o kí i káàbọ̀?"

"Ẹnu mi ló yọ̀, mà."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. "Láti ọjọ́ yìí tó ti ń dúró," ó ní, "kò sẹ́ni tó kí i."

A tún fídíò náà wò. Òkè, igi, odi. Kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀. A gbọ́ ohùn mi tó ń kíni. Lẹ́yìn náà, ohùn àgbà kan dáhùn pẹ̀lẹ́: "Hòo, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹbí pé sí pálọ̀ Màmá. Wọ́n ti fi aṣọ funfun di àwọn aṣọ Bàbá.

"Ẹ tú u," Màmá wí. "Bàbá ti dé ulé."

Peter rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi. "Fọtógíráfà, ìwọ náà rí i?"

Mo mọ ojú tí wọ́n máa fi wò mí. Èmi náà ti fi irú rẹ̀ wo àìmọye èèyàn.

"Mo rí i, sà."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Peter nawọ́ sí ẹrù aṣọ náà.

Nínú iyàrá, ẹnì kan wúkọ́, bí baálé ṣe máa ń wúkọ́ tí ariwo bá pọ̀ jù. Ẹ̀rín dá. Wọ́n ń wo ara wọn. Peter rọra ṣí fìlà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ ṣílẹ̀kùn.