Má-mira Lórí Àga

Ẹsẹ̀ sójà kan ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ àga bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ, bẹ́ẹ̀ gbogbo ara tó kù ni wọ́n ti dè pinpin: bẹ́líìtì láyà, bẹ́líìtì nítan, wáyà níwájú orí, wáyà lẹ́yìn ọrùn.

Ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ sínú makirofóònù láti ẹ̀yìn gíláàsì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira."

"Èmi kọ́ ni mò ń mira," sójà náà dáhùn. "Ẹsẹ̀ yẹn ni. Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa ọmọbìnrin náà, ó gé ètè jẹ kí ọ̀gá rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má baà rí i.

Yunifásítì ló rán an wá sí ilé ìwádìí àwọn ológun yìí, kó wá kọ́ bí èèyàn ṣe ń fara pa nínú ọkọ̀. Àga kan wà níbẹ̀ tó ń sáré lórí irin, tó sì ń dúró lójijì, kí wọ́n lè wo bí orí àti ọrùn ẹni tó wà lórí rẹ̀ ṣe ń fì. Bí eré bá máa le, ère onírọ́bà ni wọ́n ń gbé síbẹ̀. Bí kò bá le púpọ̀, sójà tó fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda ara rẹ̀ ló ń jókòó. Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ni láti ṣọ́ àwọn ìlà ojú kọ̀ǹpútà tó ń fi bí ara ṣe ń mira hàn, títí wọ́n á fi dákẹ́, kó tó tẹ bọ́tìnnì tó ń ti àga lọ. Ìlà ti ọkùnrin yìí kì í dákẹ́ bọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ tí gbogbo ilé ìwádìí fi ń pè é ní Má-mira. Òun náà sọ ọmọbìnrin náà ní Dókítà Ọrùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lórí tábìlì kan náà, "ẹ" di "o," ọ̀rọ̀ sì wọ̀. Ìfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ látorí "ẹ má mira," báwo ni ara ṣe fẹ́ rọ àwọn tó ń ṣe é? Bí sójà náà bá pẹ́ dé, ọmọbìnrin yìí á jókòó, á dìde, á tún jókòó, bí ẹni tó jókòó lé ẹ̀gún.

"Kí ló gbé ẹ dé orí àga yẹn gan-an?" ó bi í lọ́jọ́ kan.

"Ọkọ̀ gbá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi látẹ̀yìn. Àga tó wà níbẹ̀ ò ní ìrọ̀rí tó lè gba orí dúró. Ìrọ̀rí tuntun là ń dán wò yìí, mi ò sì fẹ́ kírú ẹ̀ tún ṣe ẹlòmíràn."

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbá bàbá tirẹ̀ náà nìyẹn, nígbà tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Láti ọjọ́ náà, ọrùn bàbá ò yí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, iwájú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró sí.

Nígbà tó mú Má-mira délé, bàbá fetí sí ife tó ń dún gbọngbọn lórí tábìlì nítorí ẹsẹ̀ àlejò, ó sì béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ẹni ejò bá bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá," ni bàbá wí. "Ẹni tó ń fi ọrùn ara rẹ̀ dán nǹkan wò, mi ò ní fọmọ mi fún un. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ ọrùn."

Ọmọbìnrin náà sin ọkùnrin náà dé ẹnu ọ̀nà. "Ó ku ìdánwò kan, òun ló sì yára jù. Jọ̀ọ́, olólùfẹ́ mi, má jókòó."

"Tí mo bá dìde, ọmọ ẹlòmíràn ló máa jókòó."

"Jẹ́ kó jókòó!"

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ojú tì í. Ọkùnrin náà wò ó, ó sì lọ.

Ọmọbìnrin náà ò lè pè é padà. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú lòun sọ, ó sì mọ̀ pé ìka òun ni yóò tẹ bọ́tìnnì náà.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Wọ́n de Má-mira mọ́ àga. Ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn ìlà ń jó lójú kọ̀ǹpútà. "Jọ̀ọ́, má mira," ọmọbìnrin náà wí sínú makirofóònù. Pàbó ló já sí. Ó gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnnì. Ó yíjú sí ọ̀gá.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba bọ́tìnnì yìí lọ́wọ́ mi."

"Kí ló dé?"

"Ẹni tó wà lórí àga yẹn, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò lè ní kó dìde, torí iṣẹ́ rere ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ mi ló máa tì í."

Makirofóònù ni ọ̀gá ń wò, iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ní òdìkejì gíláàsì, ẹsẹ̀ Má-mira dúró jẹ́ẹ́. Àwọn ìlà nà tààrà, gbogbo wọn dákẹ́.

"Ó ti dúró," ọ̀gá wí, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

Àga sáré, ó dúró, orí fì sẹ́yìn, ìrọ̀rí tuntun sì gbà á. Dókítà ológun yẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó ní kò sí ewu. Ọmọbìnrin náà ti dé ẹ̀gbẹ́ àga kí wọ́n tó tú bẹ́líìtì tán.

"Dókítà Ọrùn, ṣé òótọ́ ni?"

"Ṣé mo máa ń purọ́ sínú makirofóònù ni? Dárí jì mí fún tọjọ́sí."

"Mo ti dárí jì ẹ́. Kí ló wá kù?"

"Bàbá mi. Mú ọrùn ẹ dání."

Nígbà tí wọ́n délé, bàbá jókòó, ó kọjú sí àlejò. Ọmọbìnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá.

"Mo gbọ́ pé o padà jókòó. Ọrùn ńkọ́?"

Má-mira yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Bàbá wò ó.

"Ká ní ẹnìkan ti jókòó sórí irú àga ọkọ̀ tèmi wò, kí wọ́n tó gbé e fún mi..." Ó nu ojú. "Ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò lè yíjú rí i. Bá mi wò ó. Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín ni, àbí ó ń sunkún?"

"Ó ń ṣe méjèèjì, Bàbá."

"Ṣé wàá máa bá mi wò ó bẹ́ẹ̀ títí dọjọ́ alẹ́?"

"Títí dọjọ́ alẹ́, Bàbá."

Ni ife bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí tábìlì. Ọmọbìnrin náà na ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó fi tẹ ẹsẹ̀ ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Má mira," ó wí.