Káàdì Ìyá Nọ́ọ̀sì

Ọmọbìnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù bí adìyẹ tí òjò pa, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó fi ìborùn wé mọ́ àyà gbẹ táútáú. Onífọ́tò gbójú sókè nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò sì rántí gbé e sílẹ̀ mọ́.

"Kámẹ́rà yín gbẹ, ẹ̀yin rin gbingbin. Ta ni ìyá bí nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

"Ìyá gan-an ló ni ín, Bọ̀dá." Ẹ̀rín kú sí Onífọ́tò lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin náà. Ìyá rẹ̀ gbé kámẹ́rà náà rìnrìn-àjò lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó dé ló kú. Bátìrì ti kú, ẹnikẹ́ni ò tíì rí fọ́tò inú rẹ̀.

Onífọ́tò yọ káàdì inú kámẹ́rà, ó tì í bọ inú rídà, ohun pẹlẹbẹ tó ń bá kọ̀ǹpútà ka káàdì. Iná pupa kékeré ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú: àwọn fọ́tò ń kọjá lọ sínú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lánàá mọ̀ pé bí iná yẹn bá ń ṣẹ́jú, a kì í fọwọ́ kan káàdì, kí fọ́tò inú rẹ̀ má bàa run. Ṣùgbọ́n òjò dá, Nọ́ọ̀sì dìde, ó ní òun ti pẹ́ níbi iṣẹ́. Ọkàn ọkùnrin náà ti sáré ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ó lè sìn ín dé títì, ó fa káàdì yọ, kò tilẹ̀ wò ó.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kọ̀ǹpútà ò ní nǹkan kan nínú, káàdì náà sì ṣófo bí ilé àgbẹ̀ lásìkò iṣẹ́.

"Ó jọ pé káàdì yìí ti bàjẹ́ kí ẹ tó gbé e wá," ló sọ.

"Yéè! Èmi ni mo ra káàdì ọ̀pọ̀ fún ìyá mi!"

Irọ́ ò lẹ́sẹ̀, ẹ̀yìn ẹlẹ́yìn ló máa ń gùn. Nọ́ọ̀sì ń sunkún, Onífọ́tò ń tù ú nínú, títí "Bọ̀dá" fi di "olólùfẹ́ mi", tí "ẹ̀yin" sì di "ìwọ".

Lọ́jọ́ tí ìdílé méjèèjì pàdé láti mú ọjọ́ ìgbéyàwó, bàbá Nọ́ọ̀sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwọ ọmọ yìí, má lọ máa ra ọ̀pọ̀ sílé ọkọ bí o ti ra káàdì ìyá rẹ o!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wálẹ̀.

Onífọ́tò kúnlẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe òun. Èmi ni mo fà á yọ nígbà tí iná ń ṣẹ́jú. Mo parọ́."

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. "Oṣù mẹ́jọ lo fi ń nu omijé tí ìwọ fúnra rẹ dá sí mi lójú."

Ó jáde. Ọjọ́ ìgbéyàwó kọjá bí ọjọ́ lásán.

Ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní ń ṣe lákáǹlàkà lọ bá alábẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lọ́sàn-án gangan, Nọ́ọ̀sì yọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò kí i.

"Ìwọ nìkan ni fọ́tò wọ̀nyẹn kọjá lójú ẹ̀. Ṣé ìyá mi ń rẹ́rìn-ín?"

Irọ́ dídùn kan ti dé ètè Onífọ́tò. Ó gbé e mì. "Mi ò wò wọ́n. Ìwọ ni mò ń wò."

Omi bọ́ lójú Nọ́ọ̀sì. Ó fa àga, ó jókòó.

"Ká ní o sọ pé ó ń rẹ́rìn-ín, ǹ bá gbà ẹ́ gbọ́, ǹ bá sì máa lọ."

"Mo mọ̀."

"Inú ṣì ń bí mi."

"Mo mọ̀, olólùfẹ́ mi."

"Yóò máa bí mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí a ó fi jọ darúgbó."

"Níṣojú mi ni kó ti máa bí ẹ," ni Onífọ́tò wí.